Èsì ìbò Scotland: ṣé àsọtẹ́lẹ̀ ló kùnà, àbí àwa la kà á sódì?

Lọ́dún 2019, ìjókòó 48 ni SNP, ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí Scotland dá dúró, ní ní Westminster, ilé aṣòfin gbogbo Ìlú Ọba. Ní oṣù keje 2024, 9 péré ló kù. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló sì kó 64 nínú 129 nílé aṣòfin Scotland, ìyẹn Holyrood, ní 2021. Ọ̀rọ̀ náà rú àwọn òǹkàwé lójú.

Ṣé ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni?
Wọ́n sọ ọ́. Ìwádìí tí wọ́n ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ibùdó ìdìbò ní SNP á gba 10 ní 2024. 9 ló gbà. Ní 2015 wọ́n ní 58, ó gba 56. Ní 2017 wọ́n ní 34, ó gba 35. Ti 2019 ló ṣì jù: wọ́n ní 55, ó gba 48. Ibùdó tí wọ́n ti ń bi èèyàn ní Scotland kò pọ̀, ìdíje ibẹ̀ sì máa ń há gádígádí. Ní North East Fife lọ́dún 2017, ìbò 2 ni SNP fi borí: 13,743 sí 13,741. Ẹni tó máa rí ìyẹn tẹ́lẹ̀, àfi kó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ dání.

Báwo ni ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò Scotland tí SNP gba ní 2024 ṣe di ìjókòó 9 nínú 57?
Ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ní ẹkùn kan ló gbé e lọ, tàwọn yòókù wọgbó.

Ní ìbò Holyrood 2021, SNP gba ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò agbègbè, síbẹ̀ ìjókòó 2 ló rí níbẹ̀. Ṣé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni?
Rárá o. Ìbò méjì ni olúkúlùkù ń dì sí Holyrood: ọ̀kan fún ẹkùn, ọ̀kan fún agbègbè. Ìjókòó 73 ní Holyrood ń ti ẹkùn wá; 56 yòókù ń ti agbègbè 8 wá, méje-méje. Ti agbègbè wà fún ẹgbẹ́ tí kò rí tó láti ẹkùn. Iye ìjókòó tí ẹgbẹ́ ti ní, tí wọ́n fi ẹyọ kan lé, ni wọ́n á fi pín ìbò rẹ̀; ẹgbẹ́ tí èsì tirẹ̀ bá ga jù ló gba ìjókòó tó kàn. Ẹ wo Glasgow. SNP kó ẹkùn 9 tó wà níbẹ̀ nígbà náà pátá, nítorí náà 10 ni wọ́n fi pín ìbò rẹ̀ tó jẹ́ nǹkan bí 133,900. Ó já sí bíi 13,390. Ìjókòó tó gbẹ̀yìn bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ Conservative pẹ̀lú nǹkan bí 18,500, torí náà ti SNP kò tiẹ̀ dé ìtòsí. Ká ní àwọn ẹgbẹ́ Green rí ìbò tí kò tó 1,000 sí i, àwọn ni ìjókòó yẹn ì bá já mọ́ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ kékeré mìíràn tí orúkọ rẹ̀ jọ tiwọn, Independent Green Voice, sì gba ju 2,000 lọ níbẹ̀. Ẹ fúnra yín ro ìdí tí inú fi bí àwọn Green.

Ìròyìn kan sọ pé ìwádìí èrò aráàlú fi hàn pé Scotland ti yí padà sẹ́yìn ẹgbẹ́ kan. Ṣé kí n gbà á gbọ́?
Ẹ wo iye ará Scotland tí wọ́n bi ná. Nínú 1,000 èèyàn káàkiri Ìlú Ọba, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 85 lọ. Èsì irú ìyẹn lè fi 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Bó bá jẹ́ 1,000 ará Scotland ni wọ́n bi, bíi 3 ni.

Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ní, mo sì ń gbé Glasgow. Ṣé mo lè dìbò?
Bẹ́ẹ̀ ni, bí físà yín bá ṣì ń ṣiṣẹ́, títí kan ti akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ ọdún 16 lè dìbò sí Holyrood. 18 ni ti Westminster. Ẹ forúkọ sílẹ̀, ó pẹ́ tán, nígbà tó bá ku ọjọ́ iṣẹ́ 12. Westminster ń bèèrè ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò, wọ́n sì ń gba páásípọ́ọ̀tù yẹn. Holyrood kò bèèrè.

Kí ló lè sọ ìbò mi dòfo?
Àmì tí ẹ bá fi sí i. Ìwé méjì ni ti Holyrood, X kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ń kọ 1, 2, 3 sí. Ní 2007, wọ́n ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, wọ́n tún tẹ ìbò Holyrood méjèèjì sórí ìwé kan ṣoṣo. Ìbò tó lé ní 140,000 ló ṣòfò. Látìgbà náà, ọjọ́ ọ̀tọ̀, ìwé ọ̀tọ̀.