Kí Ìjì Tó Dé Ni Kí O So Ara Rẹ Mọ́ Ọkọ̀

Okun o, ẹ̀yin ará Kàbà, Mọpà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í sọ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ wa tó wà nílùú òyìnbó yóò rí ìpolówó pé òun lè san owó kí wọ́n mú òun wọ ọkọ̀ ìgbòkun, kí òun sì bá wọn díje lójú agbami, bí kò tilẹ̀ tukọ̀ rí láyé. Ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni irú bàtà tó yẹ kí òun rà. Lẹ́yìn náà ni yóò fi fọ́tò ránṣẹ́: láìfù jákẹ́ẹ̀tì kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀, okùn abẹ́ itan rẹ̀ ń fì, kò sí ohun tó so ó mọ́ ọkọ̀, eyín sì funfun báláú. Bí mo bá bá a wí, ìdáhùn kan náà ni: "Ẹ̀gbọ́n, òmùwẹ̀ ni mí. Etí Ọya ni mo dàgbà sí."

Mi ò ní jókòó ṣàlàyé bí ìgbòkun ṣe ń gba afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ń lọ díje á kọ́ ìyẹn lọ́jọ́ kìíní. Ọ̀rọ̀ òmùwẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tú.

Ọkọ̀ tó ń sáré máìlì ojú omi 7 ní wákàtí kan ń fi nǹkan bíi mítà 3 ààbọ̀ jìnnà sí ọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó pariwo pé ènìyàn bọ́ sómi, kí wọ́n tó tú ìgbòkun, kí wọ́n tó yí orí ọkọ̀ padà, ìṣẹ́jú kan ti kọjá, àlàfo tó wà láàárín yín ti ju mítà 200 lọ. Orí ènìyàn lójú omi kò tóbi ju àgbọn lọ. Bí ìgbì bá ga tó òrùlé ilé, ta ni yóò rí àgbọn níbẹ̀? Ìdí nìyẹn tí ẹnìkan nínú ọkọ̀ kì í fi gbọ́dọ̀ ṣe ohunkóhun mìíràn ju kó na ìka sí ẹni tó bọ́ sómi, kó má sì gbójú kúrò lára rẹ̀, kí ẹlòmíràn tẹ bọ́tìnnì tó ń sàmì sí ibẹ̀ lórí GPS, kí ẹlòmíràn sì ju ohun tó ń léfòó tọ̀ ọ́ lọ.

Òtútù tún wà. Omi Ọya lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ara ènìyàn wà ní ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òkun tó wà láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 17 tàbí 18, àní nínú oṣù Kẹjọ, nígbà ooru wọn. Ẹ rántí omi ìdájí lásìkò ọyẹ́ ní Kàbà: bí o bá da igbá àkọ́kọ́ sórí, èémí rẹ á já, o ò sì lè dá a dúró. Lójú agbami, nígbà tí ìgbì bo ojú rẹ ni èémí ń já bẹ́ẹ̀, omi lo sì máa fà sínú. Ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta ni ìyẹn fi ń ṣẹlẹ̀. Bí o bá bọ́ nínú ìyẹn, tí omi bá tutù gan-an, láàárín nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá apá á kú, ìka á kọ̀ láti dì. Ọgbọọgba ni òmùwẹ̀ àti ẹni tí kò wẹ̀ rí nígbà náà. Òtútù fúnra rẹ̀ kì í tètè pa ènìyàn, ó lè ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Àwọn tó ń kú kì í sáábà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú omi.

Nítorí náà, àìbọ́ sómi ni iṣẹ́ wa. Okùn ló sì ń ṣe é.

Ẹ fara balẹ̀ síbí, torí ibí ni wọ́n ti ń fi iṣẹ́ wa ṣeré. Bẹ́líìtì àyà wà lára láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó dára, òrùka irin sì wà níwájú rẹ̀. Òrùka yẹn ni okùn ìdè ń kọ́. Òfin ìdíje òkun kò gbà kí okùn ìdè gùn ju mítà 2 lọ. Èyí tí mo fẹ́ràn ni èyí tó ní ìkọ́ mẹ́ta: ìkọ́ kan ní àyà, ọ̀kan ní ìwọ̀n mítà 1, ọ̀kan ní ìparí. Ọ̀kan nínú ìkọ́ méjì tó kẹ́yìn yìí ni wàá fi kọ́ okùn tí wọ́n nà gbalaja lórí ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Okùn gbalaja yìí gbọ́dọ̀ lè gbé ìwọ̀n kílò 2,040 kó má já. Ó sàn kó jẹ́ pẹlẹbẹ bíi bẹ́líìtì, torí okùn róbóróbó máa ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, á sì gbé ọ ṣubú. Oòrùn máa ń jẹ ẹ́. Èyí tó bá ti ṣá, tó gan bí ewé gbígbẹ, ẹ jù ú nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ṣì dára.

Kí ló dé tí mítà 1 fi ṣe pàtàkì? Bí okùn ìdè rẹ bá gùn tó mítà 2, tí o sì kọ́ ọ sí ẹ̀bá ọkọ̀, ìgbì á gbé ọ kọjá wáyà ọgbà etí ọkọ̀, wàá sì máa wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ń sáré. Bí omi bá ń fà ọ́ ní àyà báyìí, orí rẹ ni yóò máa wọlé sábẹ́ omi. Ènìyàn lè kú bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú láìfù jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, kò sì ní jìnnà sí ọkọ̀ rárá. Nítorí náà, ìkọ́ kúkurú ni kí o lò, sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, súnmọ́ àárín ọkọ̀ bó bá ti lè ṣeé ṣe. Kí o tó jáde láti inú yàrá ọkọ̀ ni kí o na ọwọ́ síta, kí o kọ́ ìkọ́, kó tó kan ẹsẹ̀. Bí o bá ń wọlé, wọlé tán kí o tó tú u. Bí o bá ń kọjá láti orí okùn kan sí òmíràn, ìkọ́ kejì gbọ́dọ̀ wọlé kí tàkọ́kọ́ tó jáde. Má ṣe kọ́ ọ sí wáyà ọgbà etí ọkọ̀, má ṣe kọ́ ọ sí wíìlì ìtọ́kọ̀.

Ìkọ́ ni nǹkan tí àwọn ènìyàn kì í wò. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2017, nínú ìdíje yípo ayé tí àwọn tí ọkọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn ń san owó wọ̀, ọkùnrin kan wà níwájú ọkọ̀ nínú agbami gúúsù, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lórí ìgbòkun iwájú, ìgbì sì ga. Ó bọ́ sómi. Ó ti so ara rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, okùn náà sì mú un. Ṣùgbọ́n ìkọ́ ti há sábẹ́ irin tí wọ́n ń so okùn ọkọ̀ mọ́. Irin ìkọ́ lágbára gan-an bí a bá fà á ní gbọọrọ. Bí a bá fà á ní ìbú, agbára rẹ̀ kéré jọjọ. Ó tẹ̀, ó ṣí, ó sì tú. Wọ́n padà, wọ́n gbé e wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti bọ́. Ojú òkun ni wọ́n sin ín sí. Ẹ wo ohun tó fà á: kì í ṣe àìgbọ́ràn, kì í ṣe àìmọ̀wẹ̀. Ibi tí okùn gbalaja gbà kọjá ló jẹ́ kí ìkọ́ lè há. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó rìn ín láti iwájú dé ẹ̀yìn ní èbúté, kí ó máa fa ìkọ́ lọ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀, kí ó wo gbogbo ibi tó ti lè kọ́ nǹkan.

Ní ti láìfù jákẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń wú fúnra rẹ̀ tó ní agbára 150 Newton ni wọ́n ń lò, ìyẹn bíi kílò 15 tó ń gbé ọ sókè. Gáàsì inú sìlíńdà kékeré ló ń fẹ́ ẹ. Ẹ tú u lóṣooṣù, ẹ wò bóyá sìlíńdà ti le dáadáa, torí gbígbọ̀n ọkọ̀ máa ń tú u díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n: ìwọ̀n tó yẹ kó ní wà lára rẹ̀. Ẹ fi ẹnu fẹ́ ẹ, kí ó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Okùn abẹ́ itan tí àwọn ọmọ wa ń jẹ́ kó máa fì yẹn, òun ni kì í jẹ́ kí jákẹ́ẹ̀tì gòkè lọ bo ojú nígbà tí ara bá sọ̀ sísàlẹ̀. Láìsí i, jákẹ́ẹ̀tì á léfòó, ìwọ á sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbòkun kò gùn: afẹ́fẹ́ tó bá di ìlọ́po méjì ní eré, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára rẹ̀. Ẹ dín ìgbòkun kù nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó. Oògùn èébì òkun, kí o tó kúrò ní èbúté ni wọ́n ń lò ó, kì í ṣe nígbà tí èébì ti dé.

Ìgbì tó ń fọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù, kì í ṣe èyí tó kàn ga. Bí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ gba ọkọ̀, tí gíga rẹ̀ sì tó ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún gígùn ọkọ̀, ó lè dojú rẹ̀ dé. Ọkọ̀ mítà 10, ìgbì mítà 3. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1979, nínú ìdíje Fastnet, ọkọ̀ 303 ló gbéra ní Gẹ̀ẹ́sì, ìjì sì ká wọn mọ́ òkun. Atukọ̀ 15 tó ń díje ló kú. Ọkọ̀ 24 ni wọ́n sá kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n márùn-ún péré ló rì. Ẹ tún un kà: ọkọ̀ 19 ṣì ń léfòó lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti kó sínú ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n fi ń sá àsálà, àwọn kan sì kú nínú ọkọ̀ rọ́bà yẹn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí a ń kọ́ni láti ìgbà náà ni pé, bí o bá máa wọ ọkọ̀ rọ́bà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òkè lò ń gùn lọ síbẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ tìrẹ ti ń lọ sísàlẹ̀. Ní 1979 náà, pákó tó ń dí ẹnu ọ̀nà yàrá bọ́ nù nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, omi sì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ fi okùn so pákó yẹn mọ́ ara ọkọ̀. Ní ọdún 1998, nínú ìdíje láti Sydney sí Hobart ní Australia, ọkọ̀ 115 gbéra, 44 ló parí rẹ̀, ènìyàn 6 kú.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n bá àwọn tó ń ta ìgbàdí fún àwọn ọmọ wọ̀nyí sọ̀rọ̀. Ìgbàdí tí wọ́n ní kò ní jẹ́ kí omi gbé ènìyàn, ońdè, òróró inú ìgò kékeré: ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Onígbàgbọ́ ni mí, mo sì máa ń gbàdúrà kí n tó fẹsẹ̀ kan omi, lẹ́yìn tí mo bá ti de okùn mi tán. Mo ti gbọ́ ọ tí wọ́n ń sọ pé ẹni tó wọ jákẹ́ẹ̀tì ń pe ikú. Ta ló sọ fún wọn? Àwọn kan sì ní kí ènìyàn mu ògógóró kí ara lè móoru. Ọtí ń ṣí iṣan abẹ́ awọ, ooru inú ara ń jáde síta, ojú ń gbóná, inú ń tutù. Ó ń pa ènìyàn ni.

Èyí tó bí mi nínú jù ni gbígbé ẹni tí omi gbé sorí èjìká, kí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, kí wọ́n máa tẹ ikùn pé kí omi jáde. Afẹ́fẹ́ ló nílò! Ẹ tẹ́ ẹ ní gbalaja, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ fẹ́ èémí 5 sí i lẹ́nu. Bí kò bá mí, ẹ tẹ àárín àyà ní ìgbà 30 gan-an, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ sì yára tó 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà èémí 2, kí ẹ máa bá a lọ. Èyí kan Lọ́kọ́jà níbí gan-an. Ìjì tó ń ṣíwájú òjò àkọ́kọ́ ń dé sórí Ọya láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn èrò ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì sì máa ń fi jákẹ́ẹ̀tì ṣe ìrọ̀rí. Ìlú tí olú iléeṣẹ́ NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi abẹ́lé, wà ni èyí o! Ẹ sì ṣọ́ra fún jákẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú létí odò: ẹ rì í sínú agbada omi, ẹ gbé òkúta lé e di ọjọ́ kejì. Bó bá wúwo sí i, fóòmù inú rẹ̀ ń mu omi.

Ẹ̀yin tó ń lọ sí ìdíje, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi ọ̀gá ọkọ̀ iye ènìyàn inú ọkọ̀ tó ti gba ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń yè lójú òkun láàárín ọdún márùn-ún. Fún ìdíje agbami, kò yẹ kó dín sí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún wọn, òun fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tó bọ́ sómi padà sókè. Bó bá ní ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á, ẹ ní kó fi hàn yín ní èbúté, pẹ̀lú àpò ìyẹ̀fun kílò 50 méjì nínú omi. Ó yẹ kó ní ẹ̀rọ ìfàsókè, kó sì mọ̀ pé ẹni tó ti pẹ́ nínú omi tútù, nínàró kọ́ la ń gbé e jáde, ìbúlẹ̀ ni, torí ìfúnpá rẹ̀ lè já lulẹ̀ kí ọkàn sì dúró. Bí kò bá mọ èyí, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn.