"Ask": ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣe iṣẹ́ béèrè, tọrọ, pè àti "ní kí"

Àlejò tó sọ̀ kalẹ̀ ní Ọlá-Ìyá ní ìlú Òṣogbo, tí kò mọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun, ọ̀nà ló máa béèrè. Ẹni tó dúró létí odò lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun, tó ń fẹ́ ọmọ, ó ń tọrọ ni. Aláṣọ tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni òun ń ta àdìrẹ òun, iye tó pè é nìyẹn. Bó bá sì fẹ́ kí èèyàn wá síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, á tún pè é. Gbogbo èyí ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi "ask" sọ. Ohun tó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà la fi ń mọ èyí tó jẹ́.

"She asked about the cloth": ó fẹ́ gbọ́ nípa aṣọ náà. "She asked for the cloth": ó ní kí wọ́n gbé e fún òun. "She asked after your mother": ó béèrè àlàáfíà ìyá yín. Wọ́n pe aṣọ kan ní 10,000 náírà: "they are asking 10,000 naira for it".

Ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù ni "from". Yorùbá ní "mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀", "lọ́wọ́" yìí ló ń di "from" lẹ́nu wa, tí a fi ń gbọ́ "I asked from him". Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ nǹkan kan láàárín "ask" àti ẹni tí a ń bi: "I asked him." Bó bá jẹ́ pé owó la tọrọ, "I asked him for 2,000 naira."

"Request" kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú lẹ́tà tí wọ́n ń kọ lọ sí ọ́fíìsì, "I am requesting for" máa ń yọjú ṣáá, torí pé "for" ti "ask for" ti ràn án. "I request a copy" ló tọ́. Ìgbà tó bá di ọ̀rọ̀ orúkọ ni "for" tó wọlé: "my request for a copy".

Bí a bá ń ròyìn ìbéèrè tí ẹlòmíì bi wá, Yorùbá máa ń gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ lódindi: "Ó bi mí pé níbo ni mò ń gbé." Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ "He asked me that where do I live." "Pé" ló di "that" níbẹ̀. Ńṣe ni kí a yọ "that" àti "do" kúrò, kí a dá ọ̀rọ̀ náà padà bí ọ̀rọ̀ lásán, kí "live" sì di "lived" torí pé "asked" ti kọjá: "He asked me where I lived." Kò sí àmì ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí a bá ti lo "ṣé", "if" tàbí "whether" ló máa bọ́ síbẹ̀.

Èyí tó yẹ ká fara balẹ̀ wò jù ni "told" àti "asked". Ọmọ iṣẹ́ tó sọ pé "mo ní kí ọ̀gá mi bá mi fọwọ́ sí i, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i" kò rí ọ̀gá rẹ̀ fín. "Bá mi" àti "wọ́n" ti gbé ọ̀wọ̀ náà. Bó bá wá kọ ọ́ pé "I told my boss to sign it, and he has signed it", "bá mi" ti jábọ́, "wọ́n" ti di "he", "told" nìkan ló kù, àṣẹ sì ni "told". Ẹni tó bá kà á á rò pé ọmọ iṣẹ́ ló ń pàṣẹ fún ọ̀gá. "I asked my boss to sign it" ló dá ọ̀wọ̀ náà padà. Lójúkojú, "Could I ask you to sign this, sir?" dára, torí pé "could" ń ṣe iṣẹ́ tí "ẹ" ń ṣe fún wa.

Ẹ tún ṣọ́ ẹni tó ń lọ. "I asked to leave": mo tọrọ àyè, èmi ni mò ń lọ. "I asked him to leave": òun ni mo ní kó máa lọ. "I was asked to leave": wọ́n ní kí n kúrò, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé wọ́n lé èèyàn ni, ohùn tútù ni wọ́n fi sọ ọ́. Bí lẹ́tà onílé bá kà pé "You are asked to pack out before Friday", kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ tí èèyàn lè kọ̀, kí ọjọ́ Ẹtì tó dé ni kí èèyàn ti kó jáde.