Ọ̀fun fúyẹ́, pèpéle wúwo: bí ààrò alámọ̀ ṣe ń jó èéfín ara rẹ̀

Ààrò tí wọ́n ń pè ní rocket mass heater kò ní ohun olówó ńlá nínú: bíríkì àlòkù, dúrọ́ọ̀mù epo onílítà 200, páìpù, amọ̀, iyanrìn àti koríko gbígbẹ. Larry Winiarski ló fi ìpìlẹ̀ sítóòfù rocket lélẹ̀ ní Oregon, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1980. Ianto Evans àti àwọn tó ń fi amọ̀ kọ́lé níbẹ̀ ló wá so irú iná bẹ́ẹ̀ mọ́ pèpéle amọ̀ tó ń tọ́jú ooru fún inú ilé. Ẹni tó bá ti mọ ògiri rí ti mọ bí wọ́n ṣe ń po amọ̀, kò sí àṣírí níbẹ̀. Inú ọ̀fun, ìyẹn ihò tí iná ń gbà gòkè, ni iṣẹ́ wà.

Wọ́n á na igi lóòró sínú ihò kékeré kan, ìdí rẹ̀ ni iná ti ń jó. Ọwọ́ iná kò ní gba ẹnu ihò jáde. Ẹ̀gbẹ́ ló ń fẹ́ sí, á gba ọ̀nà kúkúrú kan kọjá, kó tó gun ọ̀fun lọ sókè. Ọ̀fun yìí máa ń ga tó ìlọ́po mẹ́ta ihò igi, gíga yẹn ló sì ń fa afẹ́fẹ́. Dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n dojú rẹ̀ dé bo ọ̀fun, wọ́n á fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì lókè. Gáàsì gbígbóná á kọlu ìdí dúrọ́ọ̀mù, á ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, á wọ páìpù tó wà nínú pèpéle, á já ooru rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, á sì jáde síta.

Igi kì í jó tán lójú kan. Bí ooru bá kàn án, apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á di gáàsì àti ọ̀dà, ohun tí ojú ń rí bí èéfín nìyẹn. Ẹ̀rí pé iná ń jó kọ́ ni èéfín. Igi tí kò tíì jó ni, ó ń sá lọ. Kó tó lè jó tán, ó nílò afẹ́fẹ́, ó nílò àyè láti pò mọ́ afẹ́fẹ́ náà, ó sì nílò ooru tó ju 600°C lọ. Ọ̀fun ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé.

Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe tó ń bani nínú jẹ́ ti ń wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tó wúwo ló ń di ooru mú, wọ́n á wá fi bíríkì líle tó nípọn mọ ọ̀fun, àwọn mìíràn á tilẹ̀ fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, símẹ́ǹtì tí irú ooru bẹ́ẹ̀ máa ń fọ́. Ohun tó wúwo ń fa ooru mu ni, kì í dínà fún un. Ooru tí iná fi ń jó èéfín ni ojú owó, èyí tó kù lẹ́yìn tí èéfín jó tán ni èrè, pèpéle sì ni kóló. Ẹni tó fi bíríkì wíwúwo mọ ọ̀fun ti gbé kóló sẹ́nu ọ̀nà ọjà: ojú owó ló ń jù sínú rẹ̀ láàárọ̀, kó tó rajà. Nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n, kò ní ohun tó fẹ́ tà. Kóló náà á kún díẹ̀ lóòótọ́, bíríkì á gbóná, á dà bíi pé nǹkan ń lọ déédéé, ṣùgbọ́n èrè ti bá èéfín jáde, ọ̀dà dúdú sì ti lẹ̀ mọ́ inú páìpù, níbi tó ti lè gbiná lọ́jọ́ kan.

Ọ̀fun gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kó kún fún afẹ́fẹ́ tín-tìn-tín, nítorí afẹ́fẹ́ tí kò ráyè rìn ló ń dí ooru lọ́nà. Amọ̀ kan náà ló sì lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Bí a bá fi omi amọ̀ díẹ̀ po perlite (òkúta fífúyẹ́ tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀), tí kò ju kó kàn lẹ̀ mọ́ra lọ, ó di ara ọ̀fun. Bí a bá fi iyanrìn púpọ̀ po amọ̀ ọ̀hún, ó di pèpéle. Ká sòótọ́, ibi tí ọgbọ́n ààrò yìí wà nìyẹn: ó ya ibi tí iná ti ń jó sọ́tọ̀ kúrò níbi tí ooru ti ń sinmi.

Ó rọrùn láti mọ ọ̀fun tó dára kí wọ́n tó dé e. Bí iná bá ti jó fún ìgbà díẹ̀, ara rẹ̀ nínú á pọ́n yòò, ìdọ̀tí dúdú tó kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn á sì jó kúrò pátápátá. Bí gbogbo rẹ̀ bá parí tán, oru omi funfun lásán ló ń jáde lẹ́nu páìpù, omi a sì máa kán níbẹ̀.

Àléébù rẹ̀ kò ṣe é fi pa mọ́. Tọ́ọ̀nù amọ̀ kan tó gbóná láti 20°C dé 50°C kò gba ju ooru kílò igi gbígbẹ 2 lọ, ìdí nìyẹn tí pèpéle fi máa ń wúwo tó tọ́ọ̀nù mélòó kan, tí kì í sì í ṣe ohun tí a lè gbé ka orí pákó ilé òkè láìfi òpó tì í nísàlẹ̀. Igi tínrín tó gbẹ dáadáa nìkan ló ń jẹ, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa fi sí i. Láti ihò igi títí dé ìta, ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ fún níbì kankan: bó bá fún, iná á padà sẹ́yìn, gáàsì tí kò lóòórùn tó ń pani lójú oorun á sì máa tú sínú yàrá.