Bí Ilé Ìkàwé Ṣe Kọ́ Ìpàtẹ Ọjà

Kí ọdún 1894 tó dé, ẹni tó bá wọ ilé ìkàwé ìlú ní London láti yá ìwé kì í fojú kan ìwé. Káńtà ló máa pàdé, òṣìṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, àti pátákó ńlá kan tí wọ́n to nọ́ńbà wẹẹrẹ sí. Èyí tí Alfred Cotgreave ṣe ló gbajúmọ̀ jù: nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dúró fún ìwé kan, àwọ̀ tó bá kọjú síta ló sì ń sọ bóyá ìwé náà wà nílé tàbí ẹnìkan ti yá a lọ. Èèyàn á wá orúkọ ìwé nínú kátálọ́ọ̀gù, á wo nọ́ńbà rẹ̀ lójú pátákó, á béèrè, á sì dúró títí òṣìṣẹ́ á fi gbé e jáde. Ẹni tó kàn fẹ́ ṣí ìwé wò, tí kò tíì mọ èyí tó wù ú, kò ríbi yà sí.

James Duff Brown, ọmọ Scotland tó ń darí ilé ìkàwé Clerkenwell ní London, ni kò gbà kó rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 1893 ó lọ sí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní Chicago, ó sì rí i pé níbẹ̀, òǹkàwé ń fọwọ́ ara rẹ̀ mú ìwé lórí pẹpẹ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ṣí pẹpẹ Clerkenwell sílẹ̀. Ni ariwo bá sọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní olè máa kó ìwé lọ, wọ́n tún ní kò sẹ́ni tó máa dá ìwé padà síbi tó ti mú un. (Òótọ́ ni ti ìkejì yìí, ẹ bi òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé èyíkéyìí.) Brown náà ti ro ti olè. Ó ṣe géètì kékeré kan fún ìwọlé, òmíràn fún ìjáde, òṣìṣẹ́ ló sì ń ṣí wọn. Téèyàn bá ti wọlé, ó lè rìn kiri bó ṣe wù ú, àmọ́ iwájú òṣìṣẹ́ ló máa gbà jáde.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1916, Clarence Saunders ṣí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan ní Memphis, ní Amẹ́ríkà, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Piggly Wiggly. Títí di ìgbà náà, oníbàárà máa ń dúró níwájú káńtà ni, kí ọmọ ìsọ̀ bá a kó ọjà wá. Saunders gbé apẹ̀rẹ̀ fún oníbàárà, ó ní kó gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, kó rìn láàárín àwọn pẹpẹ, kó sì sanwó lẹ́nu ọ̀nà àbájáde. Lọ́dún 1917, ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ pé òun ló hùmọ̀ rẹ̀. Ọdún 22 ni Clerkenwell fi ṣáájú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rántí èyí nígbàkígbà tí ẹnìkan bá ń ráhùn pé ilé ìkàwé òde òní ti fẹ́ di súpámákẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn èyí, ṣọ́ọ̀bù ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ, ilé ìkàwé sì jókòó. Lóòótọ́, John Cotton Dana, tó ń darí ilé ìkàwé Newark ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà, ti gbé ẹ̀ka kan lọ sáàárín àwọn oníṣòwò níbẹ̀ ní 1904, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò pọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ń fi gíláàsì ṣe iwájú ilé, ó ń tan iná sórí ọjà tuntun. Ilé ìkàwé wà nínú ilé bíríkì tó ga lórí àtẹ̀gùn, ìwé rẹ̀ kẹ̀yìn sí èèyàn lórí pẹpẹ.

Ní Tower Hamlets, ní ìlà oòrùn London, ni ọ̀rọ̀ náà ti wá yí padà gidi. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ rí i pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn ará àdúgbò ló ń lo ilé ìkàwé wọn. Wọ́n bi àwọn èèyàn ní ohun tó lè mú wọn wá. Èsì tó ń padà wá ni pé kí wọ́n gbé e súnmọ́ ibi tí àwọn ti ń rajà, kí wọ́n sì máa ṣí i lọ́jọ́ Àìkú. Ní 2002 wọ́n ṣí àkọ́kọ́ ní Bow, nítòsí ọjà Roman Road, wọ́n kó ilé ìkàwé àti kíláàsì àwọn àgbàlagbà pọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Idea Store, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù èrò. Ti Chrisp Street tẹ̀ lé e ní 2004, lẹ́bàá ọjà tibẹ̀.

Ti Whitechapel, tó ṣí ní 2005, ni mo fẹ́ràn jù. David Adjaye ló yàwòrán rẹ̀, ọmọ Ghana tí wọ́n bí sí Tanzania. Ojú títì ibẹ̀ kún fún ìsọ̀ tí wọ́n fi tapólì aláwọ̀ bò, Sainsbury's sì wà nítòsí. Adjaye mú àwọ̀ tapólì yẹn, ó fi gíláàsì búlúù àti aláwọ̀ ewé ṣe ara ilé náà ní ìlà ìlà, débi pé ó dà bíi pé ọjà náà ló ga sókè. Wọ́n gbé ilé kọfí sí àjà tó ga jù, kí ẹni tó ń lọ mu tíì lè gba àárín ìwé kọjá. Ọgbọ́n ọlọ́jà pátápátá nìyẹn!

Orúkọ náà, Idea Store, ló bí àwọn kan nínú. Ilé ìkàwé Whitechapel àtijọ́ ti wà láti 1892, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn Júù tó ṣí wá sí London ti kàwé, wọ́n sì tì í pa nígbà tí tuntun dé. Wọ́n ń béèrè ohun tó burú nínú kí wọ́n pè é ní ilé ìkàwé. Mo gbè sẹ́yìn wọn díẹ̀. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, àmọ́ ó yẹ kí olùpolówó dárúkọ ohun tó ń tà. Ẹ wo Peckham, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí: ilé ìkàwé tí Will Alsop ṣe síbẹ̀, tó gba Stirling, ẹ̀bùn àwọn ayàwòrán ilé, ní 2000, dà bíi lẹ́tà L tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, lẹ́tà gàdàgbà sì wà lórí òrùlé rẹ̀ tó ń sọ pé ilé ìkàwé ni. Àlejò kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe rẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ ìjúwe yìí ní ìtàn tirẹ̀. Kevin Lynch, onímọ̀ nípa ètò ìlú ní Amẹ́ríkà, wádìí bí àwọn ará Boston, Jersey City àti Los Angeles ṣe ń rí ìlú wọn lọ́kàn, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1960 pé ohun márùn-ún ni wọ́n ń fi mọ̀nà: ojú ọ̀nà, ààlà, àdúgbò, oríta, àti ohun tó yọrí láàárín ìyókù. Àwọn ayàwòrán ilé mú un wọ ọsibítù, pápákọ̀ òfurufú àti ilé ìkàwé.

Níbí gan-an ni ilé ìkàwé kò ti lè bá ṣọ́ọ̀bù lọ dópin. Súpámákẹ́ẹ̀tì a máa gbé mílíìkì sẹ́yìn pátápátá, kí ẹni tó wá rà á lè kọjá lára bisikíìtì. Ilé ìkàwé tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ iléèwé tó ń wá ìwé ìdánwò ti ṣẹ̀ ẹ́. Ilé ìkàwé àgbà Seattle, iṣẹ́ ayàwòrán ilé Rem Koolhaas àti ilé iṣẹ́ rẹ̀, OMA, ṣí ní 2004: ó lẹ́wà, ìwé rẹ̀ ń yí gòkè láti àjà dé àjà láìdáwọ́ dúró, àtẹ̀gùn oníná rẹ̀ tó jẹ́ yẹ́lò ń tàn yàà. Síbẹ̀ àwọn àlejò ń ráhùn pé rírí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ le ju rírí ọ̀nà gòkè lọ, wọ́n sì ní láti fi àmì kún àmì.

Ó wá ku nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé. Láti 1876 ni Melvil Dewey, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà, ti fún wa ní ètò fífi nọ́ńbà to ìwé, èyí tó fi ìwé oúnjẹ sísè sí 641.5. Ní 2007, ẹ̀ka ilé ìkàwé kan tó ń jẹ́ Perry ní Gilbert, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ṣí láìlo Dewey rárá: wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sórí pẹpẹ bí ilé ìtàwé ṣe ń ṣe, oúnjẹ síbí, ọgbà sọ́hùn-ún. Àríyànjiyàn pọ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé nípa rẹ̀. Ní 2009, àwọn ilé ìkàwé Anythink ní Colorado ṣe bíi tiwọn. Ọ̀pọ̀ ibòmíràn gba àárín méjì: ọ̀rọ̀ gàdàgbà lókè pẹpẹ fún òǹkàwé, ìwé mélòó kan kọjú síta, nọ́ńbà Dewey sì wà lẹ́yìn ìwé fún òṣìṣẹ́ tó ń tò ó padà lálẹ́.