Ṣé AI ti ń sọ dókítà di ọ̀lẹ? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí kókó inú ìfun

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìwádìí kan jáde láti Pólándì nínú ìwé ìròyìn The Lancet Gastroenterology & Hepatology. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé orí fóònù gbogbo wa: AI ti gba iṣẹ́ lójú dókítà! Àwọn kan tiẹ̀ ti ní àwọn ò ní ṣe àyẹ̀wò ìfun mọ́. Ẹ fara balẹ̀ ná.

Kí ni wọ́n ń wá nínú ìfun?

Kókó tó ń hù sára ìfun ńlá, tí àwọn dókítà ń pè ní polyp. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, àmọ́ ara irú tó ń jẹ́ adenoma ni ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ìfun ti ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí gba ìdí wọlé dé ìpẹ̀kun ìfun ńlá. Bó bá ti ń fà á bọ̀ ló ń wò. Ọ̀pọ̀ èyí tó bá rí, á gé e lójú ẹsẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní Pólándì?

Dókítà 19 ni, ní ibùdó mẹ́rin. Kí AI tó dé, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń wo àwòrán kámẹ́rà náà, tó sì ń ya àmì yí kókó ká, nínú èèyàn 100 tí wọ́n bá yẹ̀ wò, wọ́n ń rí adenoma lára nǹkan bí 28. Lẹ́yìn tó dé, iye yẹn já sí 22, *nígbà tí wọn ò bá tan AI sílẹ̀*. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fò. Kò sẹ́ni tó sọ pé AI fúnra rẹ̀ ló ń pàdánù kókó. Ohun tí wọ́n ń fura sí ni pé ojú tí ẹ̀rọ ti ń bá ya àmì yí kókó ká lè má wá kiri mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn dókítà náà kì í sì í ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ti ṣe àyẹ̀wò ìfun tó ju 2,000 lọ. Mo ní "lè" o, torí àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ṣáájú àti àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́yìn kì í ṣe èèyàn kan náà.

Ṣé AI nìkan ló ń pinnu ohun tí wọ́n bá rí ni?

Ó tì o. Àkókò ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ìfun kì í ṣe páìpù gbọọrọ. Ó súnkì bí ìbàdí ṣòkòtò tí wọ́n fa okùn rẹ̀, kókó pẹlẹbẹ sì lè sá sẹ́yìn ìṣẹ́po kan. Ní Rockford, ní Illinois, wọ́n ṣọ́ dókítà 12, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Àwọn tó ń lo ìṣẹ́jú mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fa kámẹ́rà bọ̀ rí kókó tó lè di jẹjẹrẹ lára èèyàn 28 nínú 100. Àwọn tó ń kánjú? Nǹkan bí 12.

Ìmọ́tótó ìfun ló tẹ̀ lé e. Kámẹ́rà kì í ríran la ìgbẹ́ já.

Ṣé dókítà tó dáa lè rí gbogbo rẹ̀?

Rárá. Tí wọ́n bá yẹ ẹnì kan wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin adenoma ni wọ́n ń fò nígbà àkọ́kọ́. Kéékèèké ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ṣé kí n kọ AI nígbà náà?

Ẹ má kọ̀ ọ́. Bó bá wà ní títàn, kókó tí wọ́n ń rí ń pọ̀ sí i ni.

Kí ló wá kù sọ́wọ́ tèmi?

Oògùn tó ń fọ inú. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mu ìdajì lálẹ́, kẹ́ ẹ mu ìdajì tó kù láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹ má da èyí tó kù nù torí pé ó ti sú yín. Ẹ máa mu ún títí ohun tó ń jáde á fi mọ́ bí ìtọ̀. Ẹ sì lè bi dókítà pé: "Ẹ má bínú o, nínú èèyàn 100, mélòó lẹ máa ń rí adenoma lára wọn?" Ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ní 2024 fi 35 ṣe òṣùwọ̀n.

Èmi ò tíì pé ọdún 45 tí Amẹ́ríkà ní kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ mi jáde, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni.

Ta ló wò ó? Ọdún 45 wà fún ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹ gbé àgbo jẹ̀dí yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí.