Bí ojú tó ṣèṣe ṣe ń padà ríran

Ewé kòkó gbígbẹ tó ta lu ojú àgbẹ̀ lóko Ifẹ̀ lè má ṣe ju pé kó ha awọ fẹ́lẹ́ tó bo iwájú ẹyinjú. Awọ yìí mọ́ gaara bíi dígí. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ kò sí ibi tí ìrora ti máa ń tètè mọ́ni lára tó o. Ìháhàá tí kò tó nǹkan a máa ta èèyàn bíi pé iyanrìn kún ojú. Bó bá jẹ́ pé òkè nìkan ló ha, ara á tún un ṣe láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Bó bá jìn, á jinná náà, ṣùgbọ́n àpá á wà níbẹ̀. Àpá ẹsẹ̀ kò ní kéèyàn má rìn. Àpá tó bá bọ́ síwájú ọmọlójú ni kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé.

Ebu ara ewé ló tún léwu. Ó lè máa hù nínú egbò náà fún ọjọ́ mélòó kan kí ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá funfun. Ẹni tó bá lọ ra oògùn ẹlẹ́kán tó ní steroid (èròjà tó ń mú wíwú àti pípọ́n rọlẹ̀, àmọ́ tí kì í pa ebu) ní kẹ́míìsì, pípọ́n ojú á kọ́kọ́ lọ, inú rẹ̀ á dùn, ebu á sì máa jẹ ẹyinjú lọ lábẹ́lẹ̀. Ìtọ̀ àti omi ṣúgà tí àwọn kan ń kán sójú kò sàn jù bẹ́ẹ̀.

Bó bá kó sójú, sìmẹ́ǹtì burú ju omi bátìrì, tó jẹ́ àsíìdì, lọ. Àsíìdì a máa mú kí òkè awọ dì, dídì yẹn ni kì í jẹ́ kó tètè wọnú. Sìmẹ́ǹtì ní tirẹ̀, yíyọ́ ló ń yọ́ awọ wọlé. Omi mímọ́ ni kí wọ́n máa dà sí ojú náà fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30, kí wọ́n tó wá ọ̀kadà.

Èéfọ́ èkùrọ́ tó gún ẹyinjú kò gba fífọ̀, kò gba títẹ̀. Ìdí ife oníke ni kí wọ́n fi bò ó láì kàn án, ó di ilé ìwòsàn.

Ẹ̀ṣẹ́ tàbí bọ́ọ̀lù lè mú kí lẹ́ńsì inú ojú funfun lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún. Wọ́n lè fi àtọwọ́dá pààrọ̀ ìyẹn. Iṣan tó ń gbé ìríran lọ sọ́pọlọ ni wọn ò lè so. Nítorí náà ni dókítà ṣe máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú tó ṣèṣe láti òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì kó tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, kó lè mọ̀ bóyá iṣan náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ìhà tí iná ti wá, ìrètí ń bẹ fún un.