Ó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, ṣé ó parí nìyẹn?

Bí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ pé agbẹjọ́rò ni mí, ìbéèrè kan kì í pẹ́ jáde: "Lọ́yà, ẹni tó ti fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun pààyàn, ẹjọ́ wo lẹ tún ń bá a rò?" Wọ́n á ti rí ọmọ náà lórí tẹlifíṣàn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́pàá, ó ń mi orí sí gbogbo ohun tí wọ́n bá bi í. N kì í bá wọn jiyàn. Ìtàn ilé kan ní London ni mo máa ń sọ fún wọn.

Ilé kẹwàá ní Rillington Place, ládùúgbò Notting Hill, ni. Lọ́dún 1948, Timothy Evans, ọmọ Wales tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, gba òkè pátápátá níbẹ̀ pẹ̀lú Beryl ìyàwó rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bí Geraldine ọmọ wọn. Àìsàn ẹsẹ̀ ló gba ilé ìwé mọ́ Evans lọ́wọ́ ní kékeré, agbára káká ló fi ń kàwé. Irọ́ pípa náà sì mọ́ ọn lára, kí n má tàn yín. John Christie àti aya rẹ̀ ló ń gbé nísàlẹ̀. Christie ti ṣe ọlọ́pàá àfikún nígbà ogun, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè.

Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá 1949, Beryl ti tún lóyún. Owó kò sí, ó sì fẹ́ ṣẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ 30 oṣù náà, Evans fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ àgọ́ ọlọ́pàá Merthyr Tydfil ní Wales, ó ní òògùn ìṣẹ́yún tí òun gbà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ló pa ìyàwó òun, òun sì ti ti òkú rẹ̀ sínú gọ́tà iwájú ilé. Ọlọ́pàá London lọ wò ó. Ọkùnrin mẹ́ta ló pawọ́ pọ̀ kí wọ́n tó gbé ìdérí gọ́tà náà kúrò. Kò sí òkú níbẹ̀. Ni Evans bá yí ohùn padà: ó ní Christie ló fẹ́ bá wọn ṣẹ́ oyún, ẹnu ẹ̀ ni Beryl kú sí, Christie náà ló sì ní òun máa wá ẹni tó máa gba ọmọ tọ́.

Lọ́jọ́ 2 oṣù Kejìlá, wọ́n rí ìyá àtọmọ nínú ilé ìfọṣọ ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ti fún àwọn méjèèjì lọ́rùn pa. Táì ṣì wà lọ́rùn Geraldine.

Ẹ fara balẹ̀ síbí yìí. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n mú Evans dé àgọ́ ọlọ́pàá Notting Hill. Wọ́n ti kó aṣọ ìyàwó àti ti ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ dè é, pẹ̀lú okùn àti aṣọ tábìlì tí wọ́n fi di òkú, àti táì náà. Wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti rí wọn fún un, wọ́n ní fífún ni wọ́n fún wọn lọ́rùn. Ìgbà yẹn ló wá ní òun ni. Ó dárúkọ okùn, ó dárúkọ aṣọ tábìlì, ó dárúkọ ilé ìfọṣọ. Bí ẹ bá ka ìwé ìjẹ́wọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ yẹn láìmọ ohun tó ṣáájú rẹ̀, ẹ ó búra pé ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ wá yọ gbogbo ohun tí wọ́n ti fi hàn án kúrò, kí ẹ wo ohun tó kù: ọ̀rọ̀ gbèsè tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya.

Kí ló dé tó fi jẹ́wọ́? Ó sọ nílé ẹjọ́ pé ẹ̀rù ń ba òun pé wọ́n máa lu òun, àti pé alẹ́ yẹn gan-an lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ọmọ òun ti kú. Ó ní nǹkan kan kò jọ òun lójú mọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún ilé náà ṣe lọ́sẹ̀ tí Beryl kú ń kó irinṣẹ́ sínú ilé ìfọṣọ yẹn, wọn kò sì rí òkú kankan. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n jẹ́rìí. Nínú ọgbà kan náà, egungun itan èèyàn ni Christie fi ti igi ọgbà dúró, àwọn ọlọ́pàá sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù kìíní 1950, wọ́n gbé Evans dé ilé ẹjọ́ Old Bailey ní London lórí ikú ọmọ nìkan. Christie ni ẹlẹ́rìí àgbà. Ìṣẹ́jú 40 ni àwọn ará ìlú 12 tó jókòó ti adájọ́ fi gbìmọ̀, wọ́n ní ó jẹ̀bi. Lọ́jọ́ 9 oṣù kẹta, wọ́n yẹgi fún un ní ẹ̀wọ̀n Pentonville. Títí dé ọ̀hún, ohun tó ń sọ ni pé Christie ló ṣe é.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Beresford Brown, ọmọ Jàmáíkà tó háyà nínú ilé náà, ń wá ibi tó máa gbé rédíò rẹ̀ kọ́ sí ní ilé ìdáná. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó dún bí ohun tó ṣófo. Ó ya bébà ara rẹ̀. Òkú obìnrin mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tún rí Ethel, aya Christie, lábẹ́ pákó ilẹ̀, àti egungun obìnrin méjì nínú ọgbà. Christie gbà pé òun ló pa Beryl, kò gba ti ọmọ. Lọ́jọ́ 15 oṣù keje 1953, ẹ̀wọ̀n Pentonville náà ni wọ́n ti yẹgi fún un, Albert Pierrepoint tó yẹgi fún Evans ló sì ṣe é.

Ọdún 1966 ni wọ́n tó dárí ji òkú Evans. Lọ́dún 2004, àwọn adájọ́ gbà pé kò pa ìyàwó, kò pa ọmọ, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ láti dá ẹjọ́ náà padà sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n ní ohun tí wọ́n máa rí níbẹ̀ kò tó ìnáwó rẹ̀. Èmi ò tíì gba ìyẹn mọ́ra títí dòní.

Ẹ ó ní kí ló kàn wá. Ikú ṣì wà nínú òfin Nàìjíríà fún ẹni tó bá pààyàn, bí ilé ẹjọ́ bá sì gbà pé olùjẹ́jọ́ jẹ́wọ́ tinútinú, ìjẹ́wọ́ nìkan tó láti fi dá a lẹ́bi. Àmọ́ ó yẹ kí adájọ́ wò ó kọjá bẹ́ẹ̀: ṣé ohun mìíràn wà níta tó bá ìjẹ́wọ́ náà mu? Ṣé ó ráyè ṣe ohun tó ní òun ṣe? Ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ti ọdún 1913 ni a ti jogún àwọn ìbéèrè yìí, ọdún 36 kí wọ́n tó mú Evans. Ìdí nìyẹn tí òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015, àti ti Èkó tó ṣáájú rẹ̀, fi sọ̀rọ̀ nípa gbígba ohùn afurasí níwájú agbẹjọ́rò tàbí sórí fídíò.

Mo ti gba ẹjọ́ ọmọ kan rí, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bíríkìlà tí kò ka ìwé kọjá praimárì mẹ́ta. Gẹ̀ẹ́sì inú sìtéètìmẹ́ǹtì tí wọ́n ní ó fẹnu ara rẹ̀ sọ dán ju tèmi lọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni: "Kí ni wọ́n fi hàn ẹ́ kí o tó sọ̀rọ̀?"

Bí wọ́n bá mú èèyàn yín, ẹ ní kó béèrè agbẹjọ́rò kó tó kọ ohunkóhun. Bó bá jẹ́ Yorùbá ló gbọ́, Yorùbá ni kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n kà á sí i létí látòkè délẹ̀, kó tó tẹ̀ka.